Èé ṣe tí a fi ń bá àjèjì pàdé lójú ọ̀nà, tí a sì ń rí i pé a tan?

Arìnrìn-àjò Àkúrẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Láìpẹ́ yìí ni mo wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Màmá àgbàlagbà kan ló jókòó tì mí. Wọ́n di ẹ̀bọ̀lọ̀ sínú ewé kókò, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kí atẹ́gùn ojú fèrèsé má baà mú kí ẹ̀fọ́ náà rọ. A kò tíì dé Bọ́lọ́rundúró nígbà tí ìyá mi pè mí lórí fóònù, tí a sì fi èdè Oǹdó bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀, Màmá náà tẹjú mọ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọmọ ta ni ọ́ ní Oǹdó?" Mo ní ọmọ Àkúrẹ́ ni bàbá mi ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó ni ìyá mi, mo sì dárúkọ bàbá tí ó bí ìyá mi. Wọ́n béèrè bóyá bàbá tí ó ní oko kòkó lọ́nà Òwénà ni mo ń wí. Mo ní àwọn náà ni. Màmá pàtẹ́wọ́, wọ́n sì kígbe débi pé awakọ̀ wẹ̀yìn.

Oko ọkọ wọn tí ó ti di olóògbé àti oko bàbá àgbà mi ló pààlà; pèrègún nìkan ló wà láàárín méjèèjì. Màmá ní lọ́dún tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ wọ oko, bàbá àgbà mi ló kó àwọn ọmọ wọn wá bá àwọn pa á, tí iná náà kò fi dé ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí. Kí n tó dárúkọ ìyá mi ni Màmá ti dá a. Wọ́n sọ̀rọ̀ àpá tí ó wà ní ìgúnpá ìyá mi, wọ́n sì sọ ohun tí ó fa àpá náà, èyí tí èmi tí ìyá mi bí kò gbọ́ rí.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, inú mi sì dùn gidigidi. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni pé irú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi láti kà á sí ṣèèṣì. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kó lọ sí Kánádà, ẹni tí ó bá a wá ilé níbẹ̀ sì jẹ́ àbúrò ìyàwó dókítà tí ó gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Àkúrẹ́ níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọlọ́run ló ń ṣètò gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé ẹni tí ó bá ń rìn kò ní ṣàì pàdé ènìyàn. Ìdáhùn méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ló ń fà á gan-an? Ṣé ayé ló kéré ni, àbí àwa ni a kò mọ bí a ti sún mọ́ ara wa tó?

Olùkọ́ Ìṣirò fèsì pé:

Ẹ kú ìrìn àjò, ẹ sì kú oríire. Iṣẹ́ ìṣirò ni mo fi gbogbo ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà.

Bí ẹ bá kó ènìyàn 23 jọ láìṣa wọ́n lẹ́ṣà, ó ṣeé ṣe ju kí ó má ṣeé ṣe lọ pé ẹni méjì nínú wọn yóò ní ọjọ́ ìbí kan náà. Mo ti sọ èyí fún ọ̀pọ̀ kíláàsì, àwọn ọmọ kì í sì í gbà mí gbọ́ títí a ó fi gbé e wò, nítorí ọjọ́ ìbí tiwọn nìkan ni oníkálukú ń rò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí yóò bá ọ́ dọ́gba ni a ń wá. Ẹni méjì yòówù kí ó jẹ́ ni. Ẹni àkọ́kọ́ lè bá ọ̀kan nínú àwọn 22 yòókù dọ́gba, ẹni kejì lè bá ọ̀kan nínú 21 dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa kà á lọ títí iye méjì-méjì tí ó wà níbẹ̀ yóò fi di 253. Nínú bọ́ọ̀sì elérò 18, méjì-méjì 153 ló wà. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ o. Nínú ọkọ̀ Oǹdó, àwọn méjì lè pàdé nípa oko, nípa ilé ẹ̀kọ́, nípa ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, nípa onílé tí wọ́n jọ gbà, nípa àna, nípa ẹni tí ó kọ́ wọn níṣẹ́. Bí ẹ bá fi ọ̀nà púpọ̀ bẹ́ẹ̀ sí iwájú àwọn ènìyàn púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò yà mí lẹ́nu ni kí ọkọ̀ kan dé Oǹdó láìsí ẹni méjì tí ọ̀nà wọn ti pàdé rí.

Ẹ tún wò ó báyìí. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mọ ènìyàn 500, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn sì mọ 500 mìíràn, àwọn tí ojúlùmọ̀ wa mọ̀ yóò di 250,000. Nínú ayé gidi, iye náà kò ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kan náà ni èmi àti aládùúgbò mi jọ mọ̀. Síbẹ̀, bí a bá yọ èyí tí ó pọ̀ kúrò nínú rẹ̀ pàápàá, ohun tí ó kù ṣì tó odidi ìlú.

Àwọn onímọ̀ ti gbé e wò. Ní ọdún 1969, Stanley Milgram àti Jeffrey Travers ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fún ènìyàn 296 ní ìwé kan pé kí wọ́n rí i pé ó dé ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó ń ta ìpín ìdókòwò ní Boston. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí i tààrà àfi bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Ojúlùmọ̀ tí wọ́n rò pé ó lè sún mọ́ ọn jù wọ́n lọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi rán. Ìwé 64 ló dé, àwọn tí ó sì dé gba ọwọ́ ènìyàn bíi 5 kọjá ní ìpíndọ́gba. Lọ́dún 2011, nígbà tí àwọn oníwádìí yẹ àwọn mílíọ̀nù 721 tí ó wà lórí Facebook wò, ìṣísẹ̀ 4.74 ni wọ́n rí láàárín ẹni méjì.

Àwọn 64 tí ó dé yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ wọn. Èmi a máa ronú lórí àwọn 232 tí kò dé. Ọ̀nà lè wà fún wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnì kan gba ìwé, kò sì fi ránṣẹ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn yín rí. Bí Màmá yẹn kò bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ̀yin méjèèjì ìbá sọ̀ kalẹ̀ ní Oǹdó, kí oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Irú ìyẹn ló pọ̀ jù, a kì í sì í ròyìn rẹ̀ nítorí a kì í mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Ní ti pé Ọlọ́run ló ṣètò rẹ̀, ìṣirò kò bá ọ̀rẹ́ yín jiyàn. Ohun tí ìṣirò lè sọ ni pé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ìpàdé náà túmọ̀ sí fún yín wà lọ́wọ́ yín.

Aránṣọ Oǹdó fèsì pé:

Olùkọ́, ẹ ṣeun púpọ̀, mo kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹ má bínú sí mi, nọ́ńbà tí ẹ kà yìí ń ṣe bí ẹni pé a gbọn ènìyàn sínú ìlú láìwo ojú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo rí nínú ìdílé tèmi yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, Oǹdó ni wọ́n bí mi sí. Ìyá tí ó bí ìyá mi ṣòwò aṣọ ní Kumasi, ní Gánà, títí di òpin ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Àwọn mìíràn ta ọjà ní ìtakútà, àwọn mìíràn fi ilé àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Fọ́tò kan wà lára ohun díẹ̀ tí ìyá àgbà kó bọ̀, mo sì fi í há ògiri ìsọ̀ mi lókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Obìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, igi ọ̀pẹ tí wọ́n kùn sára aṣọ títa ló wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì tẹ orúkọ ìlú Kumasi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. A mọ ìyá wa. Kò sí ẹni tí ó mọ ìkejì nínú ilé wa mọ́.

Oníbàárà kan wá láti Àkúrẹ́ wá rán aṣọ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Mo ń wọn apá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó gbójú sókè sí ògiri tí kò sì gbé e kúrò mọ́. Ó ní fọ́tò yìí wà nílé ìyá òun ní Àkúrẹ́, pé ìyá ìyá òun ni èyí tí ó wà lápá òsì. Mo jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ara mi balẹ̀, a pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì dárúkọ ìyá àgbà mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, mi ò sì kà á sí ṣèèṣì. Òwò aṣọ ni àwọn ìyá méjèèjì ṣe ní Kumasi. Àṣẹ kan náà ló lé wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà padà, orí kòkó ni owó wà nígbà náà, nítorí náà ìlú tí wọ́n ti ń ta kòkó ni àwọn kan nínú wọn wá dó sí láti tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ gba òwò aṣọ lọ́wọ́ ìyá wọn. Èmi ń rán an, ìyá oníbàárà mi ń tà á. Báwo ni àwa méjèèjì kò ṣe ní pàdé ní ìsọ̀ aránṣọ? Àwọn tí ó bí wa ti la ọ̀nà náà sílẹ̀ kí a tó dáyé.

Òṣìṣẹ́ Fẹ̀yìntì, Alágbàká, fèsì pé:

Òótọ́ ni Aránṣọ sọ, mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí ti Àkúrẹ́ wa kún un, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà níbí kò mọ bí wọ́n ti pín wa kiri tó.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, tí wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú ìlú, láti Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ti kó wá, nítorí ibẹ̀ ni ọ́fíìsì Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ wà. Ọmọ Èkìtì, ọmọ Àkókó, ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ Ìlàjẹ, gbogbo wa la jọ ń gbé àdúgbò kan náà, tí àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Fún ogún ọdún ni a fi bá ara wa gbé, títí wọ́n fi yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Èkìtì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kó lọ sí Adó. Mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń sunkún lórí ọkọ̀ akẹ́rù nítorí pé wọ́n ń fi ọ̀rẹ́ wọn sílẹ̀, kò sì sí fóònù alágbèéká tí wọn yóò fi máa pe ara wọn.

Nítorí náà, bí mo bá pàdé ẹni tí ó ti lé lógójì ọdún ní Adó-Èkìtì, mi ò kì í béèrè bóyá ó mọ Àkúrẹ́. Àdúgbò tí bàbá rẹ̀ gbé ní Àkúrẹ́ ni mo máa ń béèrè. Níbi ìsìnkú kan báyìí, ẹni tí a jọ jẹun lórí tábìlì kan sọ pé òpópónà wa gan-an ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, ó sì rántí ajá wa àti orúkọ tí a sọ ọ́. Àwọn tí ó wà nítòsí ń ké pé àrà ni. Kì í ṣe àrà. Ìjọba ló kó wa pọ̀, ìjọba náà ló sì tún pín wa.

Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ náà ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1973, nítorí ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni pé kí ọ̀dọ́ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe ìlú rẹ̀. Ẹ wo iye ìdílé tí ó ti ibùdó Ìkàrẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA fèsì pé:

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbádùn gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́. Láàárín àwa ọ̀dọ́, bí o bá bi àjèjì pé ọmọ ta ni, lójú rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. A ti di ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí kí ọkọ̀ tó gbéra. Mo ti gbé inú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹnì kan fún odidi sáà kan kí n tó gbọ́ pé ìlú ìyá mi ni ìyá tirẹ̀ náà ti wá. Ó dùn mí, nítorí nígbà náà ó ti kó lọ. Báwo ni a ṣe lè béèrè láìsí pé a ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ni?

Oníṣòwò Ọjà Ọba fèsì pé:

Ọmọ mi, kí a tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn tí ó ṣáájú kò sọ. Ìfẹ́ tí a ní sí irú ìpàdé yìí ni àwọn oníjìbìtì fi ń mú ènìyàn.

Ọkùnrin kan wá sí ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba, ó kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ bàbá mi ni òun láyé ọjọ́un. Mo ní, "Èyí tí wọ́n kọ́ ní Òkè-Àró?" Ó ní Òkè-Àró náà ni. Mo ní ṣé ó wà lára àwọn tí ó máa ń wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kò sí Sátidé tí òun kì í wá. Ibẹ̀ ni ara ti fu mí, nítorí gbogbo ohun tí ó sọ, láti ẹnu mi ló ti mú un. Mo wá bi í pé kí ló rántí nípa ìyàwó wọn kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá yẹn mà fẹ́ràn òun o. Ìyàwó kan ṣoṣo ni bàbá mi fẹ́ títí wọ́n fi jáde láyé. Mo ní kí ó máa lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó tan mọ́ni ní tòótọ́ máa ń sọ ohun tí a kò tíì sọ. Màmá inú ọkọ̀ yẹn sọ̀rọ̀ àpá. Ìyá oníbàárà Aránṣọ dárúkọ. Olè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ àfi bí a bá ti kọ ọ́ sí gbangba. Ẹ sì rántí pé a ń kọ ọ́ sí gbangba gan-an: ìwé ìkéde òkú tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tí a sì ń gbé sórí Facebook, máa ń to orúkọ ọmọ, orúkọ àna àti orúkọ ọmọ-ọmọ lẹ́sẹẹsẹ. Nítorí náà, bí ohun tí àjèjì mọ̀ nípa yín kò bá ju ohun tí ó wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má tíì pè é ní ẹbí. Ẹ pe àgbà kan nílé kí ẹ tó gbà á lálejò, pàápàá kí ẹ tó fún un lówó tàbí kí ẹ tó bá a wọ ọkọ̀.

Aránṣọ Oǹdó fèsì pé:

Ẹ ṣé, Ìyá Ọjà. Ìmọ̀ràn yẹn wúlò, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi.

Akẹ́kọ̀ọ́, ìwọ náà, gbọ́ èyí tí mo máa ń ṣe, nítorí gbogbo ọjọ́ ni mo ń wọn ara àjèjì, a sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan sọ. Mi ò kì í fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Tèmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ: mo lè ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí ìyá mi, Oǹdó ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò fi tirẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá fẹ́, yóò ní, "Ó dáa," a ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ àti gígùn apá, kò sì sí ẹni tí ó ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì ni pé orúkọ bàbá kì í tètè tú ìdí ọ̀rọ̀, nítorí orúkọ bàbá ni gbogbo wa ń jẹ́, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n yóò ti dá wa mọ̀ láti ìgbà tí a ti dárúkọ. Ìhà ìyá ló máa ń fara sin. Obìnrin kúrò ní ilé bàbá rẹ̀, ó lọ sí ilé ọkọ, ọmọ rẹ̀ gba orúkọ ibẹ̀, nígbà tí ó bá sì di ìran kẹta, kò sí àmì kan lára ọmọ náà mọ́ tí yóò fi ibi tí ìyá àgbà rẹ̀ ti wá hàn. Bí ẹ bá tún ka àwọn ìtàn tí a sọ níbí, ti oko, ti fọ́tò àti ti yàrá tí ẹ jọ gbé, ẹ ó rí i pé ọ̀dọ̀ ìyá ni gbogbo wọn ti jáde. Nítorí náà, bí àjèjì bá ti bá mi sọ̀rọ̀ dé ibi tí mo lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú tí ìyá ìyá rẹ̀ ti wá ni mo máa ń béèrè ṣáájú.